Ǹjẹ́ silica inú èèpo ìrẹsì lè ru zinc oxide nínú ìpara adènà-oòrùn tí a fi òrí pò?

Oníòrí Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Òrí ni mo ń tà ní Tákìé, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń fi lára rẹ̀ po ìpara fún àwọn oníbàárà mi. Ohun tó gbé mi wá síbí ni ọ̀rọ̀ ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún 9 tó jẹ́ àfín. Ẹni tó bá ti tọ́ àfín rí ní ilẹ̀ wa yìí kò nílò àlàyé nípa ohun tí oòrùn ń fi ojú wọn rí. Ìpara adènà-oòrùn tí wọ́n ń kó wọ̀lú ti wọ́n ju ohun tí ìyá rẹ̀ lè máa rà lóṣooṣù lọ, ni mo bá ra zinc oxide oníyẹ̀fun, mo pò ó mọ́ òrí àti òróró àgbọn, mo sì gbé e fún wọn.

A kò rí i kí ara ọmọ náà pọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ funfun bí ẹni tí wọ́n fi ẹfun kùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a sì wá rí i pé ńṣe ló máa ń fi apá ẹ̀wù nù ún kúrò kó tó dé ẹnu géètì. Ìpara tí ọmọ ti nù kúrò lójú, oòrùn wo ni yóò tún dènà? Wọ́n ní kí n ra irú èyí tí èérún rẹ̀ kéré gan-an, tí wọ́n ń pè ní nánò, pé ìyẹn kì í funfun lára. Mo rà á, mo sì pò ó bí mo ṣe po ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó di kókó wínníwínní nínú òrí, ó ń ha ara bí iyanrìn, ibi tí kókó náà bá sì jókòó sí tún ń funfun síbẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní LAUTECH, tó máa ń ra òrí lọ́wọ́ mi, ló sọ fún mi pé àwọn onímọ̀ ti ń kó irú èérún bẹ́ẹ̀ sínú ohun tó ní ihò tíntìntín, bíi silica (ohun tó pọ̀ jù nínú iyanrìn) tí a lè rí nínú èèpo ìrẹsì, kí ohun náà máa rù ú bí alábàárù ṣe ń ru ẹrù nínú ọjà. Ó ní èérún náà kò ní lẹ̀ mọ́ ara wọn mọ́, kò ní wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, kò sì ní funfun. Ó tilẹ̀ ní bí èèpo ìrẹsì bá nira fún mi, kí n lo ẹfun ọjà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, àti bóyá ó jẹ́ iṣẹ́ tí obìnrin bíi tèmi lè ṣe ní ẹ̀yìnkùlé. Mo ka ìwé díẹ̀, mo sì ní òṣùwọ̀n tó péye, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù láti ṣàlàyé.

Ọmọ Láàbù, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ọjà o, Ìyá wa. Èmi kọ́ ni ọmọkùnrin tó bá yín sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fi gba oyè kẹ́mísìrì kò jìnnà sí èyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Ìtànṣán oòrùn tó ń ba awọ ara jẹ́ pín sí UVB, tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 290 sí 320 nánómítà (nánómítà 1 jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà), àti UVA, láti 320 títí dé 400. Láti ibẹ̀ lọ sókè ni ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí. Èérún zinc oxide tàbí titanium dioxide (iyẹ̀fun funfun mìíràn tí wọ́n ń fi sí ìpara adènà-oòrùn) tó bá tóbi tó 200 tàbí 300 nánómítà máa ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí ká, ìdí sì nìyẹn tí ìpara yín àkọ́kọ́ fi funfun. Èyí tó bá kéré sí 100 kì í dá ìmọ́lẹ̀ yẹn dúró tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó ṣì ń gbé UV mì. Ṣùgbọ́n bí èérún bá ṣe kéré tó ni wọ́n ṣe máa ń fẹ́ lẹ̀ mọ́ ara wọn tó, àìmọye wọn tó bá sì ti lẹ̀ pọ̀ ti tún di ohun ńlá kan náà tí a sá fún.

Ibẹ̀ ni alábàárù ti wúlò. Ní ọdún 1992 ni àwọn olùwádìí ilé-iṣẹ́ Mobil ní Amẹ́ríkà gbé silica kan jáde tí wọ́n pè ní MCM-41, tí ihò inú rẹ̀ tò bí afárá oyin. Gíráàmù 1 péré nínú rẹ̀ lè ní ojú tó fẹ̀ tó 1,000 mítà onígun mẹ́rin bí a bá ka ògiri inú ihò rẹ̀ mọ́ ọn, ìyẹn ni pé gíráàmù 7 tó pápá bọ́ọ̀lù kan. Bí èérún bá jókòó káàkiri lórí irú ojú bẹ́ẹ̀, kò ní rí ara wọn lẹ̀ mọ́. Hóró silica náà fúnra rẹ̀ tóbi ju èérún nánò lọ ní ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún, nítorí náà kò lè gba awọ ara kọjá.

Èèpo ìrẹsì dára fún un lóòótọ́. Bí a bá sun ún, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ ló ń ṣẹ́kù ní eérú, silica ni ó sì pọ̀ jù nínú eérú náà. A máa ń fọ èèpo náà, a ó sè é nínú ásíìdì aláìlágbára, nítorí potassium inú rẹ̀ máa ń yọ́ nínú iná, á sì máa há èédú mọ́nú tí eérú yóò fi dúdú. Lẹ́yìn náà a ó ṣàn án, a ó sì sun ún ní ìwọ̀n 600 sí 700 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì títí yóò fi funfun. A ó wá rì í sínú omi zinc nitrate, a ó gbẹ ẹ́, a ó tún sun ún ní nǹkan bí 500, zinc oxide yóò sì ṣẹ́kù sínú ihò rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí funfun eérú náà já yín láyà. Ṣé ẹ mọ ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé àkàrà, tí ibi tí epo bá ti mu á máa mọ́lẹ̀ gbòò bíi gíláàsì? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé epo lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú ihò ìwé. Bí silica ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí bí òróró ṣe ń tẹ̀ ẹ́, nítorí náà bí òróró bá ti wọ inú ihò rẹ̀, funfun náà á kúrò. Mo gbà pé ó ṣeé ṣe, Ìyá wa.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ọ̀yọ́

Mo kí gbogbo yín láti Ọ̀yọ́. Ọmọ Láàbù, o ṣeun, àlàyé rẹ nípa àkàrà yẹn wù mí púpọ̀. Ká ní mo rò ó nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni ní físíìsì, ǹ bá ti lò ó. Ṣùgbọ́n o ti gbé alábàárù síwájú kí o tó wọn ẹrù, ọ̀rọ̀ yìí kò sì lè yanjú bí a kò bá kọ́kọ́ wọn ẹrù.

Iyẹ̀fun nánò tí Oníòrí rà lọ́jà, ó ṣeé ṣe kí èérún rẹ̀ tó 30 nánómítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ihò MCM-41 tí o dárúkọ kì í ju 2 sí 4 nánómítà lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó bá da irú iyẹ̀fun yẹn mọ́ irú silica yìí tí ó sì ń rò ó pọ̀, ó dà bí ẹni tó fẹ́ ti àmù gba ẹnu ìgò. Èérún kankan kò ní wọlé, ara ògiri ìta ni gbogbo wọn yóò lẹ̀ mọ́, wọn yóò sì ṣí kúrò níbẹ̀ nígbà tí a bá ń fi ìpara ra ara. Silica mìíràn wà, SBA-15, tí wọ́n ṣe ní Santa Barbara ní ọdún 1998, tí a lè mú kí ihò rẹ̀ fẹ̀ láti nǹkan bí 5 dé 30, ṣùgbọ́n ìyẹn náà fún èérún 30 pinpin. Ní ti eérú èèpo ìrẹsì, ihò rẹ̀ kò dọ́gba rárá. Òmíràn há, òmíràn gbòòrò, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ èyí tó pọ̀ jù.

Mo mọ ohun tí Ọmọ Láàbù yóò fi dá mi lóhùn: pé òun kò ti èérún wọlé, pé inú ihò gan-an ni òun ti mú un hù láti inú zinc nitrate. Òótọ́ ni, ọ̀nà tó sì mọ́gbọ́n wá nìyẹn. Síbẹ̀, èérún tó hù nínú ihò tó há kò lè tóbi ju ihò náà lọ, níbẹ̀ ni ọ̀fìn kejì wà, tí àwọn ènìyàn kì í sábà rí. Zinc oxide tó tóbi dáadáa ń gbé ìtànṣán mì láti ìsàlẹ̀ wá títí dé nǹkan bí 370 nánómítà, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ó níye lórí ju titanium dioxide lọ fún UVA. Bí èérún rẹ̀ bá wá kéré ju nǹkan bí 7 nánómítà lọ, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kò rí àyè mọ́, agbára tí wọ́n nílò láti fò sókè á pọ̀ sí i, ààlà ibi tí ó ti ń gbé ìtànṣán mì á sì sún sẹ́yìn. Bí ó bá kéré dé 3 nánómítà, ààlà náà á ti wà ní ìsàlẹ̀ 360. Ẹ wò ó báyìí: UVA láti ibẹ̀ títí dé 400 á máa kọjá wọlé, ojú ọmọ kò sì ní pọ́n kí a lè fura, nítorí UVB ló ń jẹ́ kí ara tètè pọ́n. Ìpara náà yóò mọ́lẹ̀ kedere, yóò dùn ún wò, a ó máa yọ̀ pé kò funfun mọ́, kò ní yé wa pé lára ohun tí a rà á fún ni a fi ra ẹwà yẹn.

Nítorí náà ihò tó yẹ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó 10 nánómítà, kí ó sì dára jù bí ó bá tó 20 tàbí 30. Èyí ṣì wà lára ìsọ̀rí ihò àárín, tí àwọn onímọ̀ pín sí láti 2 dé 50.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò. Ká sọ pé a rí silica tó dára, tí ihò inú gíráàmù 1 rẹ̀ lè gba mílílítà 1 omi. A rì í sínú omi zinc nitrate tó nípọn, tí mílílítà 1 rẹ̀ ní nǹkan bí gíráàmù 1.1 kírísítà nínú. Nǹkan bí gíráàmù 297 kírísítà zinc nitrate ni ó ń fi gíráàmù 81 zinc oxide sílẹ̀ lẹ́yìn iná, nítorí náà mílílítà 1 omi náà kò lè fi ju nǹkan bí gíráàmù 0.3 sílẹ̀ nínú ihò. Àpapọ̀ rẹ̀ di gíráàmù 1.3, ẹrù inú rẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí Oníòrí bá fẹ́ kí gíráàmù 100 ìpara ní gíráàmù 20 zinc oxide, tí í ṣe ìwọ̀n tó mọ́gbọ́n wá fún àfín, iyẹ̀fun alábàárù tí yóò dà sí i yóò tó gíráàmù 87. Kí ni òrí fẹ́ fi gíráàmù 13 ṣe? Ìpara kọ́ nìyẹn mọ́, amọ̀ ni. A lè tún un rì lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n ẹnu ihò a máa dí kí inú rẹ̀ tó kún.

Mo tún fi èyí kún un: ohun oníhò máa ń fa òróró mu. Silica tó dára lè mu òróró tó ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Èyí dára fún ẹni tí ojú rẹ̀ ń yọ òróró, ṣùgbọ́n awọ àfín tó ti gbẹ, tí ọyẹ́ sì tún ń fẹ́ sí, kò nílò ohun tí yóò tún máa fa ọ̀rá inú rẹ̀.

Apòògùn Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́

Mo gba ohun tí Bàbá Olùkọ́ sọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tó kan ọmọ náà gan-an.

Ẹ̀rù pé èérún nánò yóò gba awọ kọjá lọ sínú ẹ̀jẹ̀ ló sábà ń mú kí àwọn ènìyàn máa wá alábàárù, ṣùgbọ́n ohun tí ìwádìí fi hàn ni pé èérún zinc oxide máa ń dúró sórí awọ òkú tó wà lókè ara. Ìwádìí kan ní Ọsirélíà ní ọdún 2010, tí wọ́n ti lo zinc tí wọ́n fi àmì sí lára àwọn tó ń yáàrùn ní etí òkun, rí i pé díẹ̀ zinc dé inú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré jọjọ sí zinc tó ti wà nínú ara ènìyàn tẹ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin gbà kí zinc oxide nánò wọ ìpara títí dé ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n kò gbà á nínú èyí tí a ń fín tó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ìyẹn ló yẹ kó kọ wá lóminú: iyẹ̀fun gbígbẹ. Ẹni tó ń po nánò tàbí silica gbígbẹ ní ẹ̀yìnkùlé láìbo imú, inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni ó ń kó o sí. Eérú èèpo ìrẹsì tún ní ewu tirẹ̀, nítorí bí iná rẹ̀ bá ti le ju nǹkan bí 800 lọ, silica inú rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í di kírísítà, irú èyí tó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró àti jẹjẹrẹ lára àwọn tó ń fọ́ òkúta. Iná ẹ̀yìnkùlé kò ní òṣùwọ̀n. Èéfín tó ń jáde lára zinc nitrate nígbà tí a bá ń sun ún, aláwọ̀ ilẹ̀ àti olóró ni. Inú àpótí afèéfín láàbù nìkan ni kí ẹnikẹ́ni ti dán an wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹfun ọjà kan ọmọ yẹn. Kaolin ni ọ̀pọ̀ ẹfun, kaolin kò sì ní irú ihò tí a ń sọ. Pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni ó tò bí ewé tí wọ́n tò lé ara wọn. Èyí tó tún burú ni pé irú amọ̀ funfun bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà ni àyẹ̀wò ti rí òjé àti arsenic, tí í ṣe májèlé, nínú rẹ̀ rí. Ẹfun ní iṣẹ́ tirẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, kí a fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ohun kan kù tí kò tíì sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀. Titanium dioxide, àti zinc oxide pẹ̀lú ní ìwọ̀n tirẹ̀, kì í kàn gbé ìtànṣán mì kí ó dákẹ́. Láti ọdún 1972 tí Fujishima àti Honda ní Japan ti fi titanium dioxide àti ìmọ́lẹ̀ pín omi níyà ni a ti mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ máa ń mú kí ohun yìí ṣiṣẹ́ lórí ohun tó bá fara kàn án. Àwọn tó ń fọ omi àró àti omi ìdọ̀tí mọ̀ ọ́n dáadáa: titanium dioxide tí a tẹ́ káàkiri sórí silica oníhò wà lára ohun tí wọ́n fi ń fọ́ àró sí wẹ́wẹ́ nínú oòrùn. Ẹ rí i pé ohun kan náà ni a fẹ́ fi pa ojú ọmọ. Bí a bá tẹ́ èérún tí kò ní ìbòrí sórí ojú gbàrànmù gbàrànmù, ojú tó ń fara kan òrí àti awọ ara ló ń pọ̀ sí i, òrí náà á sì tètè kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ìpara fi ń fi silica tàbí alumina wé èérún kọ̀ọ̀kan lára bí ẹ̀wù, dípò kí wọ́n kó o sínú ilé oníhò.

Ní orílẹ̀-èdè Tanzania, wọ́n ń po ìpara kan tí wọ́n ń pè ní Kilisun fún àwọn àfín ní tiwọn. Ó lè ṣeé ṣe níhìn-ín náà, ṣùgbọ́n láàbù ló ń ti í lẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ tà á, NAFDAC gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má sì kọ iye SPF (òǹkà tó ń sọ bí ìpara ṣe ń dènà oòrùn tó) sí ara agolo láìsí àyẹ̀wò. Fìlà tí etí rẹ̀ gbòòrò àti ẹ̀wù alápá gígùn kò nílò SPF rárá, kí ọmọ náà má fi wọ́n sílẹ̀ nítorí ìpara.

Oníòrí Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣé gan-an o, Bàbá wa àti ẹ̀yin méjèèjì. Ọ̀rọ̀ gíráàmù 87 yẹn ló yé mi jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ìpopọ̀ nìyẹn, èmi náà sì mọ ohun tí yóò jáde bí iyẹ̀fun bá pọ̀ ju òrí lọ tó bẹ́ẹ̀. Mo ti gbé ẹfun jù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni kí n ṣe sí kókó tó wà nínú ìkòkò mi? Kíló méjì ni mo pò.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ọ̀yọ́

Oníòrí, kí o tó dá zinc lẹ́bi, bu ṣíbí kan nínú rẹ̀ sínú gíláàsì, kí o sì gbé e sínú omi gbígbóná títí òrí yóò fi yọ́ tán. Bí òrí bá tutù díẹ̀díẹ̀, ọ̀rá inú rẹ̀ tó máa ń tètè dì á ṣa ara rẹ̀ jọ di hóró, ẹ̀yin tó ń tà á mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kókó tó bá yọ́ nínú gíláàsì náà, ti òrí ni. Tètè mú un tutù nígbà mìíràn, kí o sì máa rò ó bí ó ṣe ń tutù. Èyí tó bá kù nílẹ̀ ni ti zinc.

Ní ti ti zinc, ara èérún tí kò ní ìbòrí fẹ́ràn omi ju òróró lọ, nítorí náà bí a bá jù ú sínú òrí, ara wọn ni wọn yóò sá mọ́. Òrí tó ti pẹ́ nílẹ̀ tún máa ń ní ásíìdì ọ̀rá tó ti já kúrò, ìyẹn á sì bá zinc oxide di irú ọṣẹ kan tó le, tí kì í yọ́ nínú omi. Ra èyí tí wọ́n ti fi ìbòrí afẹ́-òróró wé, èyí tó dára jù ni èyí tí wọ́n ti pò mọ́ òróró láti ilé-iṣẹ́ tí a ti ṣe é, kò ní ní eruku tí yóò wọ imú rẹ. Òrí tuntun ni kí o lò mọ́ ọn. Má fi ọlọ lọ̀ ọ́, òkúta ọlọ yóò kàn fi iyanrìn tirẹ̀ kún un ni.

Ọ̀rọ̀ funfun tó dá gbogbo èyí sílẹ̀, ó ní ojútùú tó rọrùn ju ihò silica lọ. Iron oxide pupa, ti òfeefèé àti dúdú, irú èyí tí wọ́n ṣe fún àtíkè ojú, bí a bá fi díẹ̀díẹ̀ nínú wọn sí ìpara, funfun zinc á di àwọ̀ ara. Wọ́n tún ń dènà díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí. Kí ẹnikẹ́ni má lọ bu ilẹ̀ pupa dípò rẹ̀.

Ọmọ Láàbù, Ògbómọ̀ṣọ́

Mo gba ẹ̀bi mi, Bàbá. Mo padà lọ wo ìwé iṣẹ́ mi. N kò wọn bí ihò eérú mi ṣe fẹ̀ tó. Ìwọ̀n ojú rẹ̀ nìkan ni mo mú, mo sì rò pé ojú tó fẹ̀ ti tó. Àbá mi ni pé kí a má lé alábàárù kúrò pátápátá. Kò lè ru gbogbo zinc inú ìpara fún wa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ihò tó fẹ̀ tó 20 nánómítà, tó sì fi ìbòrí sí ẹnu rẹ̀, lè fi díẹ̀ kún zinc oníbòrí kí ìpara má baà máa dán gbinrin lójú. Ìyẹn iṣẹ́ láàbù ni.

Ìyá wa, bí ẹ bá ṣì ní iyẹ̀fun nánò tí ẹ rà, mo lè yẹ̀ ẹ́ wò fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. N óò po díẹ̀ mọ́ omi tí mo fi methylene blue, àró búlúù kan, sí, n óò gbé e sínú oòrùn pẹ̀lú ife kejì tí kò ní iyẹ̀fun nínú. Bí àwọ̀ ti inú ife àkọ́kọ́ bá tètè ṣí ju ti èkejì lọ, a mọ̀ pé iyẹ̀fun yín kò wọ ẹ̀wù, kò sì yẹ kí ó tún dé ojú ọmọ.

Oníòrí Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́

Mo ti yọ́ ọ nínú gíláàsì bí Bàbá ṣe wí. Èyí tó pọ̀ jù nínú kókó náà yọ́, ẹ̀bi mi ni, mo jẹ́ kí ìkòkò náà tutù fúnra rẹ̀ mọ́jú. Ìyókù jókòó sí ìsàlẹ̀ bí ẹ̀kọ tó sùn. Mo ti bá ẹni tó ń kó ohun ìpara wá láti Ìbàdàn sọ̀rọ̀ pé kó bá mi wá èyí tí wọ́n ti wé tí wọ́n sì ti pò mọ́ òróró, àti iron oxide mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo bi ọmọ náà bóyá ó fẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ó ní rárá, kó ṣáà jọ ti òun.

Ọmọ Láàbù, iyẹ̀fun náà ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀, n óò da òróró sí i kí n tó gbé e wá kí ó má baà fẹ́. Ṣé òróró náà kò ní da àyẹ̀wò yín rú?

Ọmọ Láàbù, Ògbómọ̀ṣọ́

Yóò dà á rú, Ìyá wa. Ẹ fi í sílẹ̀ ní gbígbẹ, ẹ má tú ẹnu ọ̀rá náà rárá, ẹ wá gbé e sínú agolo tó ní ìdérí. Èmi fúnra mi ni yóò wá mú un ní Tákìé lọ́jọ́ Alámìísì.